Ohun Tí A Ṣe fún Ìkójọ àti Ohun Tó Yẹ ní Kíkójọ: Ìtàn Àwọn Ìwé Foundation láàrin Olùkójọ àti Lámèyítọ́

Ìfáàrà

Akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti ìwé kan lọ a máa dé oríta kan nígbà mìíràn. Ní apá kan ni àkójọ ìwé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì wà: ìdìpọ̀ mẹ́ta nínú àpótí kan, awọ ni ẹ̀yìn wọn, àkọlé wọn ń dán bíi wúrà, àwòrán aláràbarà sì wà nínú wọn. Ní apá kejì ni ìwé lámèyítọ́ wà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò dán, tí lẹ́tà inú rẹ̀ kéré, tó sì ń ṣàlàyé bí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣe dé ọwọ́ òǹkàwé, ẹni tó náwó sí i, àti ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Èwo ni kí ó rà?

Lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè, ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni ìbéèrè yìí. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ ìtàn ni, àti pé ìdáhùn tí àwọn tó ṣáájú wa fún un ló pinnu ohun tó kù lọ́wọ́ wa lónìí láti kà. Kókó tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò le: ohun tí a dìídì ṣe kí àwọn ènìyàn lè kó o jọ kì í sábà jẹ́ ohun tí ìmọ̀ nílò pé kí ẹnì kan kó jọ. Ohun tí kò níye lórí lójú ọjà, tí a kà tán tí a sì jù nù, ni iṣẹ́ lámèyítọ́ máa ń gbé ẹsẹ̀ lé nígbẹ̀yìn. Ìtàn àwọn ìwé Foundation ti Isaac Asimov ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí àkójọ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì púpọ̀ tó gbajúmọ̀ tó o nínú àpótí, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kò jọ àpótí rárá.

Láti orí bébà olówó pọ́ọ́kú

Ní oṣù kẹrin ọdún 1926 ni Hugo Gernsback, ọmọ orílẹ̀-èdè Luxembourg tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní 1904, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé magasíìnì Amazing Stories jáde ní New York. Òun ni magasíìnì èdè Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tó jẹ́ pé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì nìkan ló wà fún. Sẹ́ǹtì 25 ni wọ́n ń tà á. Bébà tí wọ́n fi ń tẹ irú magasíìnì bẹ́ẹ̀ jẹ́ èyí tí a fi igi lílọ̀ ṣe, tí ásíìdì inú rẹ̀ kò kúrò. Nítorí náà kì í pẹ́ tó fi ń pọ́n, tí etí rẹ̀ a sì máa rún bí ewé gbígbẹ. Ohun tí a kà lónìí, tí a jù nù lọ́la, ni.

Ohun kan wà nínú magasíìnì náà tó yàtọ̀ sí ìtàn. Gernsback ń tẹ lẹ́tà àwọn òǹkàwé, ó sì ń fi àdírẹ́sì wọn sí i. Àwọn tí kò mọ ara wọn rí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé síra wọn, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, nígbà tó sì di 1930, ẹgbẹ́ kan láàrin wọn gbé ìwé ìròyìn tiwọn jáde, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní The Comet. Ní 1939, wọ́n ṣe àpéjọ àgbáyé àkọ́kọ́ ní New York. Ojú ewé lẹ́tà ni àwùjọ yìí ti ṣẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé yunifásítì ìgbà náà kò ka irú magasíìnì wọ̀nyí sí ohun tó yẹ ní fífi pamọ́. Àwọn òǹkàwé tó ń tò wọ́n sábẹ́ ibùsùn àti sínú yàrá abẹ́ ilé ni wọ́n pa wọ́n mọ́. Kì í ṣe nítorí pé wọ́n mọ̀ pé owó wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn wọn ni.

Bí ìtàn mẹ́jọ ṣe di ìwé mẹ́ta

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1941, Isaac Asimov, ọmọ ọdún 21 tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ní Yunifásítì Columbia, ń lọ sí ọ́fíìsì John W. Campbell, olóòtú magasíìnì Astounding Science-Fiction. Nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àwọn méjèèjì ni èrò ìtàn kan ti jáde: ìjọba ńlá kan tó kárí àwọn ìràwọ̀ ń bọ̀ wá wó, gẹ́gẹ́ bí ìjọba Róòmù ti wó, onímọ̀ ìṣirò kan, Hari Seldon, rí i ṣáájú, ó sì dá ibùdó kan sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun ọ̀run kí òkùnkùn tó máa tẹ̀lé ìwólulẹ̀ náà lè kúrú láti 30,000 ọdún sí 1,000.

Ìtàn àkọ́kọ́ jáde nínú Astounding ní oṣù karùn-ún 1942. Ìtàn mẹ́jọ ló jáde lápapọ̀, èyí tó kẹ́yìn sì parí ní oṣù kìíní 1950. Ẹni tó bá ka ìkejì ní 1942 kò mọ̀ bóyá ìkẹta ń bọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jókòó láàrin ìtàn àwọn òǹkọ̀wé mìíràn, ìpolówó ọjà, lẹ́tà òǹkàwé, àti ọ̀rọ̀ olóòtú.

Ní 1948, àwọn olólùfẹ́ méjì, Martin Greenberg àti David Kyle, dá ilé ìtẹ̀wé kékeré kan sílẹ̀, Gnome Press. Àwọn ni wọ́n kó ìtàn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú ìwé mẹ́ta: Foundation ní 1951, Foundation and Empire ní 1952, Second Foundation ní 1953. Asimov kọ orí tuntun kan síwájú ìwé àkọ́kọ́ kí ó lè ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n yí àkọlé àwọn ìtàn padà: èyí tó ń jẹ́ Bridle and Saddle di The Mayors, The Big and the Little di The Merchant Princes. Ilé ìtẹ̀wé Doubleday gba àwọn ìwé náà ní 1961. Ní 1966, àpéjọ àwọn olólùfẹ́ fún wọn ní ẹ̀bùn Hugo gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ́ ìwé tó dára jù lọ látẹ̀yìnwá. Lẹ́yìn náà ni awọ àti àpótí dé: Easton Press ní Amẹ́ríkà fi awọ dì wọ́n, Folio Society ní London fi àwòrán sí wọn, ó sì kó wọn sínú àpótí kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí. Ìtàn mẹ́jọ tí a kọ ní ohun tó lé ní ọdún méje, tí òǹkọ̀wé àti olóòtú ń fà síwá fà sẹ́yìn, ti wá jọ ìwé mẹ́ta tí ẹnì kan pète láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ ti pòórá. Orí àkọ́kọ́ tí òǹkàwé òde òní ń kà ni Asimov kọ kẹ́yìn. Àpótí náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ó dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Olùkójọ tó gbé e sórí pẹpẹ ní gbogbo ọ̀rọ̀ ìtàn náà lọ́wọ́, àmọ́ kò ní ìtàn bí ìtàn náà ṣe wáyé.

Olùkójọ ló ṣáájú ọ̀mọ̀wé

A máa ń rò pé ọ̀mọ̀wé ló ń ṣínà, tí olùkójọ ń tẹ̀ lé e. Nínú ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Ní 1948, Everett F. Bleiler gbé àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ìwé ìtàn abàmì jáde, The Checklist of Fantastic Literature. Ilé ìtẹ̀wé àwọn olólùfẹ́ ló tẹ̀ ẹ́. Ní 1952, Donald B. Day parí atọ́ka tó fi gbogbo ìtàn inú àwọn magasíìnì láti 1926 títí dé 1950 hàn. Ẹni tí kò bá ní magasíìnì náà nílé tàbí tí kò mọ ẹni tó ní i kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MIT ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1949, ilé-ìkàwé ẹgbẹ́ náà sì di ọ̀kan nínú èyí tó tóbi jù lọ tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀.

Yàtọ̀ sí iṣẹ́ J. O. Bailey tó jáde ní 1947, iṣẹ́ lámèyítọ́ akadá lórí ẹ̀yà lítíréṣọ̀ yìí kò rẹ́sẹ̀ walẹ̀ títí di ìparí 1959, nígbà tí Thomas D. Clareson dá jọ́nà Extrapolation sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ìwé Kingsley Amis, New Maps of Hell, tẹ̀ lé e ní 1960. Ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí, Science Fiction Research Association, bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Jọ́nà Science-Fiction Studies, tí R. D. Mullen àti Darko Suvin dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1973.

Ibo ni àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí ti rí ohun tí wọ́n kà? Ní 1969, Yunifásítì California ní Riverside ra àkójọ dókítà oníṣègùn kan, J. Lloyd Eaton, tó tó nǹkan bí ìwé 7,500. Ní 1970, Judith Merril, òǹkọ̀wé tó fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ lọ sí Kánádà nítorí ogun Vietnam, fi nǹkan bí 5,000 ìwé àti magasíìnì rẹ̀ ta ilé-ìkàwé ìlú Toronto lọ́rẹ. Merril ti ń ṣe àṣàyàn ìtàn ọdọọdún, ó sì ń kọ àríwísí ìwé. Olùkójọ ni, lámèyítọ́ sì ni. Láti inú irú ilé ìkójọ méjèèjì yìí ni ìwádìí tó jinlẹ̀ ti ṣeé ṣe.

Kì í ṣe gbogbo àkójọ ló rí ibi sùn. Forrest J Ackerman, ẹni tó hun ọ̀rọ̀ náà "sci-fi", kó ohun tó tó 300,000 jọ sínú ilé rẹ̀ ní Los Angeles, ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò láìgbowó. Ó wù ú kí ibì kan gbà á lódindi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tà nínú rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 2008, wọ́n gbé èyí tó kù lọ sí gbàǹjo. Ohun tó níye lórí jù níbẹ̀ rí olówó rà. Ṣùgbọ́n àkójọ náà, gẹ́gẹ́ bí odindi tó ń sọ nǹkan, ti tú ká.

Ohun tí lámèyítọ́ rí

Bí ọ̀rọ̀ bá dúró níbí, a ó sọ pé olùkójọ ló borí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun púpọ̀ wà tí olùfẹ́ ìwé kì í rí nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀.

Ní 1973, Stuart Hall, ọmọ Jamaica tó ń darí ilé ìwádìí àṣà ní Yunifásítì Birmingham, kọ àpilẹ̀kọ lórí bí a ṣe ń di ìtumọ̀ sínú ètò tẹlifíṣọ̀n àti bí òǹwòran ṣe ń tú u. Ó ní òǹwòran lè gbà á bí a ṣe fún un, ó lè gba apá kan, ó sì lè ta kò ó pátápátá. Ní 1992, Henry Jenkins gbé Textual Poachers jáde, ó sì fi hàn pé àwọn olólùfẹ́ Star Trek àti àwọn ètò bẹ́ẹ̀ kì í kàn gba ohun tí wọ́n fún wọn. Wọ́n ń tún un kọ, wọ́n ń fi ara wọn sí ibi tí wọn kò sí tẹ́lẹ̀. Ìwé ìròyìn tí àwọn olólùfẹ́ fọwọ́ ara wọn tẹ̀, irú èyí tí The Comet jẹ́ àkọ́bí rẹ̀, wà lára ohun tí Jenkins fi ṣe ẹ̀rí.

Iṣẹ́ lámèyítọ́ tún ń béèrè ẹni tí kò sí nílé. Nínú ìtàn Foundation, kò sí obìnrin tó kó ipa gidi kan títí Bayta fi dé ní 1945. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Samuel R. Delany, òǹkọ̀wé adúláwọ̀ ọmọ New York, sọ nínú àròkọ rẹ̀ ti 1998 pé Campbell kọ̀ láti tẹ ìtàn òun, Nova, nínú magasíìnì rẹ̀, nítorí pé ó gbà pé àwọn òǹkàwé òun kò ní lè fara mọ́ akọni adúláwọ̀. Nova jáde ní 1968. Campbell yìí kan náà ni olóòtú tí Foundation ti inú ọ́fíìsì rẹ̀ jáde. Awọ àti wúrà kò ní sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ní láti ka iṣẹ́ lámèyítọ́. Láti inú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni èrò tí Mark Dery sọ ní Afrofuturism ní àwọn ọdún 1990 ti wá, òun náà ni Nnedi Okorafor sì bá jiyàn nígbà tó ní ìtàn ọjọ́ iwájú tó fi Áfíríkà ṣe ìpìlẹ̀ yẹ ní orúkọ tirẹ̀.

Ìkìlọ̀ inú ìtàn náà fúnra rẹ̀

Ó yani lẹ́nu pé ìtàn Foundation àkọ́kọ́ ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí Seldon kọ́kọ́ rán lọ sí ibùdó náà gbà pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n kó gbogbo ìmọ̀ ayé jọ sínú ìwé ńlá kan. Fún 50 ọdún ni wọ́n fi ń kó o jọ, tí wọn kò wo òde, títí tí àwọn ọba alágbára fi yí wọn ká. Nígbà náà ni àwòrán Seldon jáde, tó sọ fún wọn pé ẹ̀tàn lásán ni ìwé ńlá náà. Àìkọbiara sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóde ni ewu olùkójọ.

Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn tún wà níbẹ̀: Lord Dorwin, ìjòyè tó fẹ́ràn ìmọ̀ nípa àwọn nǹkan ìgbàanì. Ó ń wá ibi tí ọmọ ènìyàn ti ṣẹ̀. Báwo ló ṣe ń wá a? Ó ń ka ohun tí àwọn àgbà onímọ̀ kọ, ó ń fi èrò ọ̀kan wọn wé ti èkejì. Nígbà tí olórí ìlú bi í pé kí ló dé tí kò lọ wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀, ó yà á lẹ́nu pé ẹnì kan lè rò bẹ́ẹ̀. Ewu lámèyítọ́ nìyẹn: kí ó máa ka lámèyítọ́ nípa lámèyítọ́, kí ó má fọwọ́ kan ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí mọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Olùkójọ àti lámèyítọ́ ní ibi tí ọwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò dé.

Ohun tí èyí jẹ́ fún wa

A kò sọ pé àkójọ inú àpótí kò wúlò. Ní 1939, August Derleth àti Donald Wandrei dá Arkham House sílẹ̀ kí ìtàn H. P. Lovecraft tó ti kú má bàa bá magasíìnì lọ. Ìwé àkọ́kọ́ wọn kò ju ẹ̀dà 1,268 lọ, ó sì pẹ́ kí ó tó tà tán. Lónìí, àwọn olùkójọ ń fi owó gọbọi rà á. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe kí àwọn olùkójọ lè máa rà á ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fẹ́ kí ìtàn náà yè ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì ni àpilẹ̀kọ yìí ń tọ́ka sí.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí Yorùbá mọ ọ̀ràn yìí nílé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Gernsback bẹ̀rẹ̀ ni I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà sí olóòtú. Láàrin 1929 àti 1930 ló fi jáde. Ó di ìwé ní 1930. Nígbà tí Karin Barber tún un gbé jáde ní 2012 pẹ̀lú àlàyé, ohun tó mú kí a lóye ìtàn náà ju bí a ti lóye rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ó dá a padà sáàrin ìwé ìròyìn tó ti jáde, pẹ̀lú lẹ́tà àwọn òǹkàwé. Ìwé nìkan kò lè fi ìyẹn hàn. Bí kò bá sí ẹni tó tọ́jú Akéde Èkó, kò sí lámèyítọ́ tó lè fi ọgbọ́n orí dá a.

Ẹ wo ọjọ́ iwájú náà. Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, kọ Rosewater, ìtàn ìlú kan ní Nàìjíríà ní ọdún 2066, tó yí ohun àjèjì kan tó ti ojú ọ̀run wá ká. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Amẹ́ríkà, Apex, ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní 2016, kí Orbit tó gbà á, kí ó tó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019, kí ó sì tó di ìwé mẹ́ta. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò fi awọ dì wọ́n sínú àpótí. Kò sí ìbẹ̀rù pé àpótí náà yóò sọnù. Ẹ̀dà Apex, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò orí íntánẹ́ẹ̀tì, àríyànjiyàn àwọn òǹkàwé ní Èkó àti ní Ìbàdàn nígbà tí ìwé náà dé: àwọn wọ̀nyí ni ọ̀mọ̀wé ọdún 2066 yóò máa wá kiri.

Àgbálọgbábọ̀

A padà sí oríta tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí ìdáhùn fún ilé-ìkàwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní owó ìwé kan ṣoṣo, kí ó ra iṣẹ́ lámèyítọ́, kí ó sì ka ìtàn náà nínú ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú tàbí èyí tó yá. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti inú awọ. Ṣùgbọ́n kí ó má ka àlàyé kí ó má ka ìtàn, kí ó má bàa di Lord Dorwin. Ilé-ìkàwé ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dà sórí iṣẹ́ lámèyítọ́ nìkan, nítorí pé ohun tí kò bá kó jọ lónìí, kò sí owó tí yóò fi rà á lọ́la.

Méjèèjì sì ní iṣẹ́ kan tí kò sí nínú ìbéèrè àkọ́kọ́. Ní ojú ọjà, bébà àtijọ́ ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà àti bọ̀ọ̀lì fún oníbàárà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ tirẹ̀ tán tó ju bébà nù, kí ó kọ́kọ́ ka ohun tó wà lára rẹ̀.